Ọ̀sẹ̀ Mẹ́wàá Òjò Dídì: Bí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá Ṣe Yáná ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1963

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1962 ni òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí í bo Lọ́ńdọ̀nù mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti lo ìgbà òtútù kan rí ní Ìlú Ọba mọ bó ṣe máa ń ṣe: á bọ́ lóru, àwọn ọmọdé á fi ṣeré láàárọ̀, kó tó di ọjọ́ kẹta á ti di ẹrẹ̀ lójú títì. Ti ọdún yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 29 àti 30 oṣù Kejìlá, ìjì kó òmíràn dé, ó sì wọ́ ọ jọ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Wales títí tó fi ga tó mítà 6 níbòmíràn. Afẹ́fẹ́ láti ìhà Rọ́ṣíà kò sì dáwọ́ fífẹ́ dúró. Oṣù Kìíní 1963 di oṣù tó tutù jù lọ láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ọ̀rúndún ogún. Bí a bá da ti ọ̀sán pọ̀ mọ́ ti òru ká tó pín in, -2.1°C ló jẹ́. Láti 1740 ni wọn ò ti rí ìgbà òtútù tó le tó o. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ni ilẹ̀ tó mọ́ láìsí ìrì dídì níbikíbi ní Ìlú Ọba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko.

Òkun dì létí Herne Bay. Ní Oxford, odò Thames dì débi tí wọ́n fi wa mọ́tò kọjá lórí rẹ̀. Ní Braemar, ní Scotland, òtútù já wálẹ̀ dé -22.2°C lọ́jọ́ 18 oṣù Kìíní. Gbogbo ìwọ̀nyí ló wà nínú ìwé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn títí dòní. Ìtàn àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nínú yàrá ẹyọ kan ní Camden Town, Paddington, Kentish Town àti Brixton nígbà náà kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Ohun tí ojú wọn rí, àti ọgbọ́n tí wọ́n dá kí ara wọn tó móoru, tó ohun tí à ń kọ sílẹ̀.

Nàìjíríà kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nínú òmìnira. Ipò tí àwọn òyìnbó ń fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, ní kóòtù àti ní ọsibítù ń dúró de ọmọ ilẹ̀ tó bá ní ìwé ẹ̀rí. Ìdí nìyẹn tí ẹbí fi ń dáwó jọ, tí bàbá ń ta kòkó, tí ìyá ń yọ owó ọjà, kí ọmọ lè rí ọkọ̀ Elder Dempster wọ̀ ní Èkó. Ọkọ̀ mẹ́ta ló gbajúmọ̀ nínú wọn: Aureol, Accra àti Apapa. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń rìn lórí omi kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Liverpool. Àwọn òṣìṣẹ́ British Council a máa lọ pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létíkun. Wọ́n tilẹ̀ ní ìwé pẹlẹbẹ kan, How to Live in Britain, tó ń kọ́ àlejò bí ayé ṣe ń lọ ní Ìlú Ọba.

Kóòtù, ìbọ̀wọ́ àti súwẹ́tà kì í ṣe ìṣòro. Ẹni tí kò rà á ní Èkó á rà á bó bá débẹ̀. Òtútù ìta kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí gbogbo ayé ló ti kìlọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ti inú ilé ni wọn ò retí. Nílé, bí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, èèyàn á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, ara á sì tù ú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, èèyàn á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á sì máa fi ojú ara rẹ̀ rí èémí tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, nínú yàrá tó ń sanwó lé lórí.

Irú yàrá wo nìyẹn? Ilé àtijọ́ alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, èyí tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria fún ìdílé kan ṣoṣo tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa ko èédú sí ìdáná yàrá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi di 1962, wọ́n ti pín irú ilé bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Tọkọtaya àti ọmọ ní yàrá kan, ilé ìyàgbẹ́ kan fún gbogbo ilé, sítóòfù gáàsì tí ayálégbé mẹ́ta jọ ń dáná lórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Gíláàsì ẹyọ kan péré ló wà lójú fèrèsé, igi rẹ̀ ti súnkì, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Àjà òkè pátápátá lábẹ́ òrùlé, tàbí yàrá ìsàlẹ̀ tó jìn wọ inú ilẹ̀, ni wọ́n sábà ń fún aláwọ̀ dúdú.

Ìyẹn bí wọ́n bá rí i gbà. Níbi tí wọ́n ń lẹ ìkéde yàrá mọ́ lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ohun àjèjì kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Kò sí òfin tó kà á léèwọ̀ nígbà náà. Wọlé Ṣóyínká, tó kàwé ní Leeds láti 1954, kọ ewì Telephone Conversation lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: ẹni tó ń wá yàrá wà lórí fóònù, obìnrin onílé sì ń bi í bí dúdú rẹ̀ ṣe tó. Ẹni tó bá wá rí yàrá lẹ́yìn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í dúró bèèrè bóyá ó móoru.

Ọ̀rọ̀ ibùgbé yìí ti ń jẹ àwọn àgbà lógún tipẹ́. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, ẹgbẹ́ náà sì ṣí ilé ìgbé tirẹ̀ ní Camden Road ní 1933, kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè rí ibi forí pamọ́ sí, kó rí oúnjẹ ilé jẹ, kó sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ṣólàńkẹ́ ti dolóògbé ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti pọ̀ kọjá ohun tí ilé ẹgbẹ́ kan lè gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí òtútù 1963 bá, lọ́wọ́ onílé àdáni ló bá wọn.

Iná tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ bá nínú yàrá ni ti gáàsì, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n gbé sí ojú ìdáná àtijọ́ lára ògiri. Mítà rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Èèyàn á ki ṣílè kan bọ ihò rẹ̀, á yí ọwọ́ rẹ̀ títí owó á fi já wọ inú àpótí ìsàlẹ̀, gáàsì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bí ṣílè náà bá ti ń tán, ọwọ́ iná á máa lọ sílẹ̀, á di tín-ín-rín, á kú. Ó lè kú nígbà tí ìrẹsì ṣì ń hó. Ó lè kú ní aago méjì òru nígbà tí ọmọ ń sunkún. Àwọn tó ń lo mítà ìsanwó-ṣáájú nílé lóde òní mọ bó ṣe ń rí lára. Ní ti ìgbà yẹn, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ra ṣílè lóru.

Ṣílè wá di ohun tí wọ́n ń tọ́jú. Ẹni tó lọ ra búrẹ́dì á bẹ ọlọ́jà pé kó fi ṣílè fún òun ní ṣéńjì. Onílé ló ń ṣí àpótí mítà, òun ló ni owó inú rẹ̀, àwọn onílé kan sì wà tí wọ́n ń yí mítà wọn kí ṣílè kan má baà mú iye gáàsì tó yẹ wá. Ẹni tó bá ku sísì nìkan lọ́wọ́ á lọ kan ilẹ̀kùn ẹnìkejì: "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fi ṣílè kan gba sísì méjì lọ́wọ́ mi?" Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé kò sí èrè nínú kí yàrá mẹ́ta máa jó gáàsì mẹ́ta. Wọ́n á kó jọ sí yàrá kan lálẹ́, wọ́n á máa dá ṣílè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ́ òfin á ṣí ìwé tirẹ̀, ẹni tó ń kọ́ ìṣirò owó á ṣí tirẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń lọ síṣẹ́ òru á máa lọ aṣọ rẹ̀ lápá kan, gbogbo wọn yí iná kan ká.

Ní oṣù Kìíní yẹn kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná wà nínú ìjà owó oṣù pẹ̀lú àwọn ọ̀gá wọn, wọn ò sì ṣe ju ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ìwé sọ lọ. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, gáàsì pàápàá kò lágbára mọ́ nítorí pé gbogbo ìlú ló ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló dé tí wọn ò ko èédú? Èédú wọ́n, ó wúwo láti gbé gun àjà kẹta, ọ̀pọ̀ yàrá sì ni wọ́n ti dí ìdáná rẹ̀ pa. Yàtọ̀ sí èyí, Lọ́ńdọ̀nù ti jìyà èéfín èédú rí. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1952, èéfín àti kùrukùru dà pọ̀ bo ìlú náà, nǹkan bí 4,000 èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó pa, àwọn tó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn náà sì sọ pé ó tó 12,000. Èyí ló bí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1956, tó jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ lè ka èéfín léèwọ̀ ní àdúgbò. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 1962, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí òjò dídì tó dé, irú rẹ̀ tún bo Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ mélòó kan. Àyà tí èéfín ti bà jẹ́ ni òtútù wá bá.

Kẹrosíìnì ló kù. Esso Blue ni ti búlúù, Aladdin Pink ni ti píǹkì. Ìpolówó wọn kún orí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń tà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù onírin àti ní ilé epo. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé gálọ́ọ̀nù rẹ̀ lórí yìnyín tó ń yọ̀, á tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà Gẹ̀ẹ́sì. Lórí epo yìí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá. Àtùpà ló fi kàwé ní kékeré, sítóòfù kẹrosíìnì ni ìyá rẹ̀ fi sebẹ̀.

Ìtọ́jú ẹ̀rọ ìyáná tó ń lo epo yìí gba sùúrù. Wọ́n á tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n á yọ táǹkì rẹ̀ lé e lórí, wọ́n á fi àrọ rọ epo sí i, wọ́n á sì fi àkísà nu ẹnu rẹ̀ gbẹ. Òwú rẹ̀ yí po. Ibi tó bá ti jó gíga ju ibòmíràn lọ, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé e kó dọ́gba, torí òwú tí kò dọ́gba ló ń mú èéfín wá. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé ihò èéfín rẹ̀ sókè, wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á sì dúró wò ó. Bí ọwọ́ iná bá pọ́n, òórùn ń bọ̀ nìyẹn, ògiri á sì dúdú. Èyí tó bá jó ní búlúù yíká láìmì ni wọ́n ń wá. Gbàrà tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìyá ilé á gbé kẹ́tùlù lé e lórí, nítorí iná kan gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ méjì: kó mú yàrá gbóná, kó sì gbé omi tíì kaná. Òórùn rẹ̀ wọ aṣọ, ó wọ irun, ó wọ ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sí kíláàsì, gbogbo èèyàn á mọ irú iná tó ń yá nílé.

Àbùkù rẹ̀ ni omi. Lítà kẹrosíìnì kan tó bá jó á da nǹkan bíi lítà omi kan sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Bí fèrèsé bá wà ní pípa dé, omi yẹn kò ríbi gbà jáde. Á lẹ̀ mọ́ gíláàsì àti ògiri tó tutù, á máa ṣàn wá sílẹ̀. Bí wọ́n bá pa iná lóru kí wọ́n lè sùn láìséwu, omi náà á dì. Láàárọ̀, yìnyín ló máa wà lójú gíláàsì, ní inú yàrá gan-an, tó ti ya ara rẹ̀ jáde bí imọ̀ ọ̀pẹ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì á bu, bàtà abẹ́ bẹ́ẹ̀dì á bu, ìwé inú àpótí á bu. Ikọ́ ọmọ kò ní lọ.

Nítorí náà, gbogbo alẹ́ ni wọ́n ń yan ọ̀kan nínú méjì. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé díẹ̀, ooru tí wọ́n fowó rà á jáde. Bí wọ́n bá fi ìwé ìròyìn dí gbogbo ihò rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí á bàjẹ́, orí á máa fọ́ wọn. Ewu iná tún wà níbẹ̀. Aṣọ tí wọ́n sá sítòsí lè gbiná, ọmọ tó ń rákò lè ti ẹ̀rọ ṣubú, àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí ọwọ́ iná wọn ń fò sókè bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó le débi pé ní 1960, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí irú ẹ̀rọ kẹrosíìnì tí wọ́n lè tà fáráyé. Yàrá tó kún fún ìwé, aṣọ àti ọmọ kékeré kò yẹ ní ibi tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń wà, ṣùgbọ́n kò sí òmíràn.

Omi ẹ̀rọ ńkọ́? Páìpù ilé àtijọ́ sábà máa ń gba ara ògiri ìta, ó sì dì. Àdúgbò mìíràn wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń gbé omi wá, tí àwọn ará ilé ń tò pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìgò mílíìkì tí ọlọ́mílíìkì gbé sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ á dì, wàrà á sì ti ìdérí rẹ̀ jáde lẹ́nu ìgò. Wíwẹ̀ di iṣẹ́. Ilé ìwẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wà tí èèyàn á san kọ́bọ̀ díẹ̀, tí wọ́n á pọn omi gbígbóná kún inú bààfù fún un. Àwọn tí kò rówó yáná lọ́sàn-án á lọ jókòó sí ilé ìkàwé ìjọba títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn, ibẹ̀ móoru lọ́fẹ̀ẹ́. Bóyá ìyẹn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn yege.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, kúbùsù lórí kúbùsù ni, kóòtù lórí kúbùsù, aṣọ òkè tí wọ́n gbé wá fún òde lórí kóòtù. Ìgò rọ́bà tí wọ́n rọ omi gbígbóná sí á wà níbi ẹsẹ̀. Fìlà abetí ajá ṣiṣẹ́ tí wọ́n dá a fún: wọ́n fa etí rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n fi sùn. Àwọn tó gbé òrí wá láti ilé dúpẹ́, nítorí ètè ń là, ẹ̀yìn ọwọ́ ń là. Ẹni tó bá ti ìta wọlé tó na ẹsẹ̀ sídìí iná lẹ́ẹ̀kan náà á rí i tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ á wú, tí á máa yún, tí á máa ta. Wọ́n kọ́ láti máa fọwọ́ pa ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó sún mọ́ iná.

Oúnjẹ náà jẹ́ ooru. Iṣu ṣọ̀wọ́n, nítorí náà wọ́n ń fi ìrẹsì lílọ̀ àti sẹ̀mó ro òkèlè. Ata gbígbẹ àti ẹja gbígbẹ tó bá ọkọ̀ dé láti Èkó ni wọ́n ń fọwọ́ kékeré bù. Àwọn ará Jàmáíkà tó ń tajà ní ọjà Brixton mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ọbẹ̀ tó ta lẹ́nu, tó ń hó lórí iná kẹrosíìnì, mú ara yá ju kóòtù lọ ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà le fún jù. Fẹ́mi, ọmọ Fẹlá tó ń kọ́ orin ní Trinity College of Music láti 1958, ni wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹfà 1962. Yínká Shonibare, tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, ni wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Olúṣẹ́gun Olúmídé Adéọlá Samuel, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Seal, dé ní Paddington lọ́jọ́ 19 oṣù Kejì 1963, nígbà tí òjò dídì ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ ńlá wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ọmọ jòjòló ló wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ wọn.

Ìyá wọn ń kàwé tàbí ń ṣiṣẹ́. Ìlédìí nígbà náà aṣọ ni. Bí wọ́n bá sá a síta á le gbandi, bí wọ́n bá sá a sínú ilé omi á tún pọ̀ sí i lára ògiri. Wọ́n ń pọn ọmọ sẹ́yìn nínú ilé, wọ́n ń wọ kóòtù lé ìyá àtọmọ lórí, kí ara ìyá lè mú ọmọ gbóná. Onílé mìíràn kì í gba ọlọ́mọ rárá. Dókítà á sì kìlọ̀ pé yàrá yìí lè fa òtútù àyà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbé ọmọ fún ìdílé òyìnbó tọ́. Wọ́n ń fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n ń sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á wọ rélùwéè lọ wo ọmọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Seal wà lára àwọn tí alágbàtọ́ kọ́kọ́ tọ́. Àwọn ọmọ kan rí ìtọ́jú rere, àwọn mìíràn jìyà, ọ̀pọ̀ ni kò gbọ́ Yorùbá mọ́ nígbà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ ìyá wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dá àwọn òbí náà lẹ́bi, kó kọ́kọ́ wo irú yàrá tí wọ́n wà, kó wo ìwé tí ẹbí rán wọn wá gbà, kó wá sọ ohun tí òun ìbá ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ nídìí iná kún fún ọ̀rọ̀ ilé. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kò fara balẹ̀ lọ́dún náà. Wọ́n ti kéde ìjọba pàjáwìrì ní oṣù Karùn-ún 1962. Ẹjọ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kọkànlá. Olóyè Anthony Enahoro, tó jẹ́ igbákejì nínú ẹgbẹ́ Action Group, ti sá dé Lọ́ńdọ̀nù nítorí ẹjọ́ kan náà, àwọn ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì sì mú un ní oṣù Kọkànlá yẹn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Brixton ló wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ òjò dídì náà, wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kóòtù àti nílé aṣòfin, títí wọ́n fi dá a padà sí Nàìjíríà ní oṣù Karùn-ún 1963. Yàrá mélòó ló wà ní Brixton tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń jiyàn lórí rẹ̀ títí kẹrosíìnì fi tán!

Fàájì kò kú pátápátá. Ambrose Campbell, ọmọ Èkó tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọládípúpọ̀ Adékọ́yà, ti fi ìlù àti gìtá tirẹ̀ mú Soho gbóná láti ẹ̀yìn ogun Hitler. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò rí nǹkan wò: pápá dì, ìpele kẹta ìdíje FA Cup gba ọjọ́ 66 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Àwọn onípúùlù, ìyẹn àwọn oní-tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, kó àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù bíi Tom Finney àti Tommy Lawton jọ lọ́jọ́ 26 oṣù Kìíní, kí wọ́n máa sọ ohun tí èsì àwọn ìdíje tí wọn ò lè gbá ìbá jẹ́. Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ púùlù ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́ ní oṣù Kẹta, wàhálà mìíràn dé. Páìpù tó ti là nínú òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú omi jáde ni, ó ń gba àjà òkè rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n oòrùn yọ. Wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n sá kúbùsù, wọ́n fi ọṣẹ nu ògiri tó bu. Àwọn tó ní ìdánwò jókòó ṣe é.

Fẹlá padà sílé lọ́dún 1963 náà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí Èkó, wọ́n di adájọ́, dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn mìíràn dúró. Ní 1964, Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àdúrà àti oúnjẹ ilé sì rí ibùdó. Òfin àkọ́kọ́ lórí ẹ̀yà ní 1965 kò kan ọ̀rọ̀ ilé gbígbà. Ti 1968 ló tó sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ ara lé èèyàn. Ẹni tó bá ka ọdún méjì yẹn pọ̀ mọ́ 1963 á rí i pé kì í ṣe ojú ọjọ́ nìkan ló mú àwọn ọmọ Yorùbá gbọ̀n nínú ilé. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn wà nínú ẹ̀, òfin tí kò sí wà nínú ẹ̀. Ohun tó mú wọn là á já ni pé wọn ò dá nìkan yáná.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tó ń já pa lọ sí Ìlú Ọba lónìí, tí mítà ìsanwó-ṣáájú tún ń dúró dè nínú yàrá. Ẹ mú yàrá kan gbóná dáadáa dípò kí ẹ máa pín ooru díẹ̀ sí gbogbo ilé; 18°C ni àwọn elétò ìlera níbẹ̀ ní kó má lọ sílẹ̀ jù. Bí ẹ bá sá aṣọ sínú ilé, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ kí omi lè jáde. Ẹ má ṣe gbé èédú tàbí iná àgbàlá wọ inú yàrá láéláé, nítorí gáàsì tó ń ti ara rẹ̀ jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi dandan lé e báyìí pé kí onílé máa yẹ ẹ̀rọ gáàsì wò lọ́dọọdún, kó sì fún ayálégbé ní ìwé àyẹ̀wò náà. Ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kó ẹrù wọlé.